Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣọ́ Kissing Bug, Kòkòrò Tó Ń Gbé Àrùn Chagas Kiri

Gbogbo ìgbà ooru ni ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, Dallas àti San Antonio: "Mo rí kòkòrò dúdú kan lára ògiri nítòsí iná ẹnu ọ̀nà, ó ní ìlà pupa létí ikùn. Ṣé kissing bug ni? Kí ni kí n ṣe?" Àwọn tó wà ní Salvador, ní Bahia, náà ń béèrè, àfi pé barbeiro tí àwọn ará Brazil ń pè é ni wọ́n máa ń kọ. Ìdáhùn wa kò gùn: ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, ẹ má sì jù ú nù. Bí ẹ ṣe máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sún mọ́ ọn

Kissing bug jẹ́ kòkòrò amùjẹ̀ tí irú rẹ̀ lé ní 150, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá, ti Àárín àti ti Gúúsù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Irú mọ́kànlá ni wọ́n ti rí ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan. Òru ló ń jáde, ojú ẹni tó ń sùn ló sì sábà máa ń jẹ, nítorí pé ojú kì í sí lábẹ́ aṣọ ìbora. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí kòkòrò afẹnukonu, ti wá.

Àrùn Chagas lè ba ọkàn tàbí ìfun jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kì í ṣe itọ́ kòkòrò yìí ló ń bá wọ ara. Inú ìfun rẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ́ Trypanosoma cruzi ń gbé, ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń bá jáde. Bí kòkòrò náà bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á yàgbẹ́ sítòsí ibi tó jẹ; ẹni tó ń sùn á họ ara, á sì fi ìka pa ìgbẹ́ náà mọ́ ojú egbò, ojú tàbí ẹnu. Ìdí nìyí tí títẹ̀ ẹ́ pa lára ògiri tàbí lórí ibùsùn fi burú: ohun tó wà ní ìfun rẹ̀ gan-an ni ẹ fọ́n káàkiri yẹn. Ó ba àyẹ̀wò jẹ́ pẹ̀lú, torí pé kò sí ẹni tó lè mọ irú kòkòrò tí ó jẹ́ mọ́ nígbà tó bá ti di pẹ́lẹ́bẹ́ lábẹ́ bàtà.

Kì í ṣe gbogbo kissing bug ló ní kòkòrò àrùn náà nínú, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní Texas, èyí tó ní in ju ìdajì lọ. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí kòkòrò yìí jẹ ni kì í kó àrùn náà.

Àwọn kan máa ń da Chagas pọ̀ mọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń fà nílẹ̀ Áfíríkà. Ìbátan ni kòkòrò àìfojúrí méjèèjì, ṣùgbọ́n àrùn méjèèjì yàtọ̀, ohun tó ń gbé wọn kiri yàtọ̀, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀kan tọ́jú èkejì.

Ìpele kìíní: ẹ rí i dájú pé òun ni

Èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí wa kì í ṣe kissing bug rárá. Ẹ dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì wò ó báyìí:

1. Ẹ wo orí. Ti kissing bug gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú bíi ṣóńṣó, ojú rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́.
2. Ẹ wo abẹ́ orí náà tí ẹ bá lè rí i. Ẹnu tó fi ń mu ẹ̀jẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ tó ká sẹ́yìn sábẹ́ orí: ó tọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, oríkèé mẹ́ta ló ní, kì í sì í gùn kọjá ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Tí ẹnu náà bá nípọn tó sì tẹ̀ bí ìwọ̀, kòkòrò apẹran ni, àwọn kòkòrò mìíràn ló ń pa jẹ. Tí ó bá gùn gan-an, tó ní oríkèé mẹ́rin, omi ewéko ló ń mu.
3. Ẹ wo etí ikùn. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ikùn fẹ̀ ju ìyẹ́ lọ, ẹ ó sì rí àmì pupa, àwọ̀ ọsàn tàbí ìyeyè tó tò yí etí rẹ̀ ká. Ẹ kíyè sí i pé àmì yìí nìkan kò tó, nítorí pé àwọn kòkòrò mìíràn tí kò léwu náà ní in.
4. Ẹ wo ẹsẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ́ẹ́rẹ́ látòkè délẹ̀. Kò sí èyí tó fẹ̀ bí ewé, kò sí èyí tó yọ iṣan.
5. Ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Àgbà rẹ̀ ní Texas sábà máa ń gùn tó 2 sẹ̀ǹtímítà tàbí kó lé díẹ̀, èyí tó ju ìdun lọ dáadáa. Ẹni tó bá ń wá ohun tó tóbi tó ìdun, ìdun ló máa rí.
6. Ẹ wò ó bóyá ó ní ìyẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí, màá sì padà sórí rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n máa ń ṣì mú fún un:

- Èyí tí wọ́n ń pè ní wheel bug ní eyín lórí ẹ̀yìn bíi ti irin tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ń yí lé lórí. Ẹ má fọwọ́ kàn án, jíjẹ rẹ̀ máa ń dunni ju ti agbọ́n lọ, àmọ́ kì í gbé Chagas.
- Èyí tí wọ́n ń pè ní leaf-footed bug ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ewé. Èso àti ewéko ló ń mu. Òun ló ń dẹ́rù ba àwọn tó gbin tòmátì sẹ́yìnkùnlé jù.
- Èyí tí wọ́n ń pè ní boxelder bug kéré, ó dúdú pẹ̀lú ìlà pupa, ó sì máa ń wá lọ́pọ̀ yanturu sára ògiri tí oòrùn ń pa. Kissing bug kì í wá lọ́wọ̀ọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lójú oòrùn.

Fún àwọn tó wà ní Brazil, ibi tí ìwo gígùn méjèèjì ti yọ lára orí máa ń sọ ìdílé tí kòkòrò náà ti wá. Tí ó bá yọ nítòsí ojú pátápátá, Panstrongylus ni, ìdílé èyí tí a mọ̀ jù ní etíkun Bahia. Tí ó bá wà ní agbedeméjì ojú àti ṣóńṣó orí, Triatoma ni. Tí ó bá súnmọ́ ṣóńṣó orí, Rhodnius ni, inú igi ọ̀pẹ ló sì sábà máa ń gbé. Kò di dandan kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó kó kòkòrò lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ṣùgbọ́n ó máa ń wúlò fún ẹni tó ń ya fọ́tò, kí ó lè mọ ibi tó yẹ kó dojú kámẹ́rà kọ.

Kí ló dé tí ìyẹ́ fi ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀?

Kòkòrò yìí máa ń bọ́ awọ ní ìgbà márùn-ún kí ó tó di àgbà, jálẹ̀ gbogbo àkókò yẹn kò ní ìyẹ́, kò sì lè fò. Àgbà nìkan ló ń fò. Nítorí náà, tí ẹ bá rí àgbà kan ṣoṣo nínú ilé ní Texas láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú igbó tàbí ihò eku ló ti fò wá, tí iná ẹnu ọ̀nà sì tàn án wọlé. Àlejò ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ọmọ rẹ̀ tí kò ní ìyẹ́, tàbí awọ gbígbẹ tó bọ́ sílẹ̀, tàbí ẹyin rẹ̀ kéékèèké funfun tó máa ń di pupa rẹ́súrẹ́sú kí ó tó pa, a jẹ́ pé wọ́n ti ń bí sí inú ilé náà tàbí sí ibi tó fara tì í pẹ́kípẹ́kí. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àlejò nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ náà ń mu ẹ̀jẹ̀ bí àgbà ṣe ń mu ún, akọ àti abo sì ni, nítorí náà kò sí èyí tí a lè fojú kékeré wò.

Ìpele kejì: bí ẹ ṣe máa mú un

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìbọ̀wọ́ tàbí náílọ́ọ̀nù tó mọ́, ike kékeré tó ní ìdérí tó ń yí, páálí pẹlẹbẹ kan, bírò àti ìwé.

1. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ó lè sá.
2. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Tí kò bá sí, ẹ ki ọwọ́ bọ inú náílọ́ọ̀nù.
3. Ẹ da ojú ike dé e mọ́lẹ̀ tàbí mọ́ ògiri, kí ẹ wá ti páálí sí abẹ́ ike náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ sínú. Tí ẹ bá ń lo náílọ́ọ̀nù, ẹ gbá a mú jẹ́jẹ́, ẹ yí náílọ́ọ̀nù náà síta-sínú, kí ẹ sì so ó.
4. Ẹ dé ike náà le. Tí ó bá ju ẹyọ kan lọ, tí ẹ sì rí wọn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kó wọn sí.
5. Ẹ nu ibi tí ó ti rìn. Ìwọ̀n bílíìṣì kan sí ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án ni kí ẹ pò, irú bílíìṣì tí àwa ń pè ní Jik nílé. Ẹ fọ aṣọ ibùsùn tí ó bá ti gun orí rẹ̀.
6. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ìbáà ṣe pé ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ibi tí ẹ wà ló máa sọ bóyá kí ẹ pa á tàbí kí ẹ má pa á. Ní Amẹ́ríkà, ẹ da sípíríìtì tí wọ́n ń tà nílé oògùn, ìyẹn rubbing alcohol, lé e lórí nínú ike náà, tàbí kí ẹ gbé ike náà sínú fírísà di ọjọ́ kejì. Ní Brazil, òòyè ni wọ́n fẹ́ràn kí ẹ gbé e wá, torí pé òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò máa ń tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n á po ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́ omi iyọ̀ díẹ̀, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù bóyá Trypanosoma ń rìn nínú rẹ̀. Ohun tó ti kú kì í rìn. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Salvador, ẹ má fi sípíríìtì pa á. Bí ẹ bá bá a ní òkú, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀ náà, ó ṣì wúlò.

Ìpele kẹta: ohun tí ẹ máa kọ sára ike

Kòkòrò tí kò ní àkọsílẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ṣọ́ àrùn ju pé ó wà lọ. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí lójú ẹsẹ̀, kí ó má di pé ẹ ń rò ó lọ́la bóyá ọjọ́ Ẹtì ni àbí ọjọ́ Àbámẹ́ta:

- ọjọ́, oṣù, ọdún àti aago tí ẹ rí i;
- àdírẹ́sì ibẹ̀, tàbí ibi tí fóònù yín bá sọ pé ó jẹ́ tí ó bá jẹ́ oko;
- ibi tó wà gan-an: inú yàrá, balùwẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé ajá, ilé adìẹ, ara ògiri ìta;
- òòyè ni tàbí òkú, ó ní ìyẹ́ tàbí kò ní;
- bóyá ó ti jẹ ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn kan;
- orúkọ ẹni tó mú un.

Ìpele kẹrin: ibi tí ẹ máa mú un lọ

Ní Texas, Yunifásítì Texas A&M ti ń gba kissing bug àti àlàyé rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú láti ọdún 2013. Fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́: ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ tó fi orí hàn, pẹ̀lú owó ẹyọ tàbí rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Àwọn ni yóò sọ bóyá kí ẹ fi kòkòrò náà ránṣẹ́ àti bí ẹ ṣe máa dì í. Tí ó bá jẹ́ pé orí ibùsùn ni ẹ ti rí i, tàbí pé ó ti jẹ ènìyàn, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ tàbí ti àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má kàn ki kòkòrò sínú àpòòwé kí ẹ sì jù ú sílé ìfìwéránṣẹ́.

Ní Brazil, ẹ wá ibi tí wọ́n ń pè ní PIT, ìyẹn ojúkò tí ará ìlú ń kó barbeiro wá sí. Ó sábà máa ń wà ní ilé ìlera àdúgbò tàbí nílé ìwé, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní agente de combate às endemias ló sì máa ń gbà á. Ará ìlú ni ètò ìṣọ́ ibẹ̀ gbára lé báyìí. Ní ọdún 2006 ni wọ́n fún Brazil ní ìwé ẹ̀rí pé Triatoma infestans, èyí tó burú jù nínú wọn, kò tan àrùn náà kálẹ̀ níbẹ̀ mọ́, àyẹ̀wò ojúlé dé ojúlé sì ti dínkù. Ṣùgbọ́n àwọn irú mìíràn tó jẹ́ ti ilẹ̀ náà ṣì ń jáde láti inú igbó, wọ́n sì ń wọ ilé, títí kan àwọn àdúgbò Salvador tó fara ti igbó. Tí ará ilé kò bá mú un wá, òṣìṣẹ́ kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá.

Tí ẹ bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, orúkọ tí ẹ máa fi béèrè ṣe pàtàkì. Vinchuca ni wọ́n ń pè é ní Argentina, Bolivia àti Chile, chipo ni ní Venezuela, pito sì ni ní Colombia. Bí ẹ bá sọ "kissing bug" fún òṣìṣẹ́ ìlera abúlé kan ní Bolivia, á kàn máa wò yín ni.

Bí ẹ ṣe máa wá a káàkiri ilé

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ẹyọ kan nínú ilé, ẹ wá àwọn yòókù ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ènìyàn méjì ni ó dára jù, kí ọ̀kan mú tọ́ọ̀ṣì, kí èkejì mú ike.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùsùn. Ẹ fà á kúrò lára ògiri, ẹ gbé mátíràsì sókè, kí ẹ wo ojú rírán rẹ̀ àti gbogbo ibi tí igi ibùsùn ti so pọ̀.
2. Ẹ wo ẹ̀yìn àwòrán, kàlẹ́ńdà, kọ́bọ́ọ̀dù àti ohunkóhun tó fara ti ògiri. Tí ilé náà bá jẹ́ ti amọ̀, gbogbo ojú sísán ògiri ni kí ẹ tan iná sí.
3. Ẹ wá àmì ìgbẹ́ rẹ̀: ó máa ń ṣàn sísàlẹ̀ lára ògiri bí ìlà dúdú tàbí funfun tó ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa rí àmì yìí kí ẹ tó rí kòkòrò.
4. Ẹ lọ sí ibi tí ajá tàbí ológbò ń sùn. Ẹ gbọn aṣọ rẹ̀ sínú agbada funfun tàbí sórí aṣọ funfun, kí ohunkóhun tó bá jábọ́ lè hàn.
5. Ẹ jáde síta: ilé adìẹ, òkìtì igi ìdáná, òkìtì òkúta àti búlọ́ọ̀kù, abẹ́ pátákó, ihò eku. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, síbẹ̀ ibí yìí kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá nítorí pé ó ti rẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n bá fi wá inú ilé tán.
6. Ẹ kọ ibi tí ẹ wò àti iye àkókò tí ẹ lò sílẹ̀, ìbáà ṣe pé ẹ kò rí nǹkan kan. "A wá a fún wákàtí kan, a kò rí i" jẹ́ ìròyìn tó níye lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun kan máa bá yín ṣọ́ ọ nígbà tí ẹ kò sí nítòsí, ẹ lẹ ìwé funfun ńlá kan mọ́ ògiri lókè orí ibùsùn, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì máa wo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ lóṣooṣù. Kòkòrò náà fẹ́ràn láti sá pamọ́ sẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò sì hàn lójú ìwé. Àwọn onímọ̀ ń lo pàkúté tó ní eku òòyè nínú ike tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀mọ́ yí ká, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú igbó àti igi ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ara rẹ̀ fi máa dán an wò.

Fún àwọn tó ń ṣọ́ odindi àdúgbò

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí nílò ìṣirò mẹ́ta péré láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é: ká ní ẹ yẹ ilé 200 wò, ẹ rí kissing bug ní 18 nínú wọn, ọmọ rẹ̀ tí kò ní ìyẹ́ sì wà ní ilé 6 lára 18 náà. Ẹ kó kòkòrò 40 lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì rí Trypanosoma cruzi nínú 10.

1. Ilé tí kòkòrò wà: ẹ pín 18 sí ọ̀nà 200, kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà ọgọ́rùn-ún. Ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni.
2. Ilé tí wọ́n ti ń bí sí: ilé 6 nínú ilé 18 tí kòkòrò wà ni ẹ máa lò, kì í ṣe nínú 200. Ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àṣìṣe tí mo rí jù nínú àkọsílẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nìyí: wọ́n á pín 6 sí ọ̀nà 200, wọ́n á ní ìdá 3 péré ni, ọkàn gbogbo ènìyàn á sì balẹ̀.
3. Kòkòrò tó ní àrùn nínú: 10 nínú 40 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìyẹn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tí wọ́n yẹ̀ wò ni ẹ máa lò, kì í ṣe iye tí ẹ mú.

Iye àkókò tí ẹ lò gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ilé dé ilé. Ènìyàn méjì tó wá ilé kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lo wákàtí ènìyàn kan. Bí ẹ bá lo wákàtí ènìyàn kan nínú ilé Bàbá Táyé, tí ẹ wá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ilé tó tẹ̀ lé e torí pé ebi ń pa yín, ẹ kò lè fi ilé méjèèjì wéra mọ́.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífín oògùn èéfín tó ń bú sínú yàrá, èyí tí wọ́n ń pè ní bug bomb. Èéfín náà kì í wọ inú ihò tí kòkòrò sá sí, owó yín nìkan ló máa bá a lọ.
- Gbígbé pàkúté aáyán kalẹ̀ fún un. Aáyán ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi tàn án, kissing bug kò ń jẹ ohunkóhun bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀.
- Kíké sí ẹni tó ń fín oògùn kí ẹ tó mú ẹyọ kan sínú ike. Lẹ́yìn tí ó bá ti fín in, kò sí ẹni tó máa mọ ohun tó wà níbẹ̀ mọ́.
- Ríronú pé ilé olówó kò lè ní in. Òótọ́ ni pé ilé amọ̀ àti ilé onípákó tó sán ló ń gbà á jù, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fò wá síbi iná kì í béèrè iye tí wọ́n ra ilé.
- Fífi ọwọ́ pa á nítorí ìbínú. Ó yé wa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́.

Bí ẹ ṣe máa dí ilé

Ẹ dí gbogbo ojú sísán ògiri, òrùlé àti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ tún nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ti ya ṣe. Ẹ pa iná ìta ní òru, tàbí kí ẹ gbé e jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ kò bá lè pa á, gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè sàn ju funfun lọ. Ẹ kó igi ìdáná, òkúta àti pàǹtírí kúrò lára ilé. Ajá yẹ kó sùn sínú ilé lálẹ́. Níbi tí kòkòrò náà bá pọ̀ sí, ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ mátíràsì yí ká.

Tí wọ́n bá ti ń bí sí inú ilé, ìgbà yẹn ni oògùn apakòkòrò pọn dandan, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ló sì yẹ kó fín in sára ògiri àti ilé ẹran. Ẹ padà wá ilé náà wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí pé kissing bug lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀ kankan kí ó sì tún jáde. Ní apá kan Argentina àti Bolivia, wọ́n ti bá Triatoma infestans tí oògùn tí wọ́n ń fín kò ràn mọ́, nítorí náà ẹ má rò pé fífín ẹ̀ẹ̀kan ti parí iṣẹ́.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń lọ sí apá Amazon: àrùn yìí ń gba ẹnu wọlé pẹ̀lú. Barbeiro lè bọ́ sínú èso açaí tàbí ìrèké kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ pọ̀. Ẹ mu açaí tí wọ́n ti fi omi gbígbóná pa kòkòrò ara rẹ̀ tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ ti sè; dídì nínú fírísà nìkan kò tó.

Tí ó bá ti jẹ yín

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, ẹ má họ ọ́.
2. Ẹ kíyè sí ara yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ibà, àárẹ̀, tàbí ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ kan tó wú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí àmì kankan rárá, nítorí náà àìsí àmì kò túmọ̀ sí pé kò sí àrùn.
3. Ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì pe orúkọ Chagas fún un gbangba. Ọ̀pọ̀ dókítà ní Amẹ́ríkà kì í rò ó, pàápàá nígbà tí ó bá rí ọmọ Nàìjíríà níwájú rẹ̀. Ibà ẹ̀fọn ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ sí.
4. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ títí èsì àyẹ̀wò yóò fi jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ó jẹ yín, oríṣi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tó yàtọ̀ síra ni èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu kí wọ́n tó sọ pé ó wà.
5. Obìnrin tó bá lóyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀, nítorí pé àrùn náà lè ti ara ìyá dé ara ọmọ, àti pé wọn kì í lo oògùn rẹ̀ nínú oyún.

Oògùn méjì ló wà, benznidazole àti nifurtimox, wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí àrùn náà bá ṣì jẹ́ tuntun. Nínú àwọn tí kò gba ìtọ́jú, ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọkàn tàbí ìfun wọn máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ajá náà ń kó o, pàápàá èyí tó bá fi ẹnu pa kòkòrò náà jẹ, nítorí náà ẹ sọ ọ́ fún dókítà ẹranko. Nígbà tí ẹ bá sì ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ sára ike náà àti fọ́tò rẹ̀ dání, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà yóò bi yín ni ọjọ́ tí ó jẹ yín àti bí ẹ ṣe mọ̀ pé òun ni.